Toranku Dírẹ́bà Yẹn

Òórùn káńfọ̀ àti ti táyà tí oòrùn Sharjah ti yan ló máa ń jáde bí wọ́n bá ṣí búùtù mọ́tò yẹn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwọ náà rántí ìgbà yẹn, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ń kẹ́rù lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà kan tá a jọ ń gbé yàrá ní International City ń wa ọkọ̀ fún ará Japan kan ní Mirdif. Nígbà tí ọ̀gá náà ń lọ, ó fa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́ pátápátá, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu: toranku. Bó ṣe ń pe búùtù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pe àpótí ìrìnàjò. Ni dírẹ́bà wa bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ kó kúlà yẹn sínú toranku, yalla, ó yá!" Toranku kọ́, tòròmagbè ni! Mo máa ń kùn lábẹ́lẹ̀.

Mọ́tò kọ́ ni mò ń jowú, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ó ń gbé Al Taawun ní Sharjah, iwájú mọ́tò yẹn ló sì máa ń jókòó. Bó bá rẹ́rìn-ín, etí mi á gbóná. Nígbà tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní kó máa lọ sílé, mo pinnu pé kó tó wọ bàálù, màá sọ fún un pé òun ni mo fẹ́ fi ṣaya.

Èmi ni gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń pè bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹrù dì tó mi. Àmọ́ nígbà tí òun pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi dì í," orí mi wú. Ta ni obìnrin máa ń jẹ́ kó ká aṣọ òun? Mo wẹ̀, mo fín lọ́fínńdà, ó di Sharjah.

Mo ti ká aṣọ díẹ̀ kó tó gbé léèsì kan fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ìsàlẹ̀ toranku ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí. Kò gbọdọ̀ rún o, ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ fún n'Íjẹ̀bú."

"Ìyá ta ni?"

Ó wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Dírẹ́bà wa ni. Ó ní kí n lọ fojú kan màmá kí wọ́n tó wá tọrọ mi."

Háà! Ó dùn mí dé eegun. Bó ṣe pe toranku yẹn nìkan, ó ti yẹ kí n mọ̀. Mo ká léèsì náà, mo fi ìborùn wé e, mo dì í bí ẹni ń di ti ìyá tó bí mi. Kò pẹ́, ọkùnrin náà tẹ họ́ọ̀nù nísàlẹ̀. Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú búùtù. "Ẹ̀gbọ́n, shukran, ẹ ṣé!" Wọ́n kọjú sí pápákọ̀ òfuurufú, èmi wá bọ́ọ̀sì lọ.

Wọ́n ní nígbà tí ìyá náà tú léèsì, tí kò rún rárá, ó gbàdúrà fún ọwọ́ tó dì í. Mo ṣe àmín, kí ni kí n ṣe? Mo ti gbé ìyàwó, mo ti ra mọ́tò tèmi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń bá ni di ẹrù kọ́ ni ẹrù ń lọ sílé rẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá ní kí n wá bá wọn dì í, mi ò ní fọwọ́ kan aṣọ kan títí màá fi béèrè pé, "Ti ìyá ta ni?"