Ìlẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Mùjídàt Tú

Nọ́ọ̀sì ni Mùjídàt ọ̀rẹ́ mi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbà tí àwa méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kò ga rárá, agídí rẹ̀ ló ga ju òpó iná lọ. Ọ̀gá Kúkúrú ni mò ń pè é.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ni gbogbo ohun èlò pàjáwìrì wa máa ń wà: ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, dírípù. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, Mátírọ́ọ̀nù Májẹ́kódùnmí ló sì ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, torí wọ́n ní òwú ìtọ́jú egbò máa ń hu ẹsẹ̀ rìn lọ.

Lọ́jọ́ tí Maimunat, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ta àgbò ní Alaba Rago, bímọ, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Mátírọ́ọ̀nù ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi ìsìnkú ní Ìjànìkin. Mùjídàt ń fọwọ́ rọ́ ikùn ìyálọ́mọ, èmi ń fi òkúta lu àgádágodo. Kó tó já, ètè Maimunat ti funfun bí ẹfun. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Mùjídàt yá irinṣẹ́ káfíńtà, ó tú ìlẹ̀kùn náà kúrò pátápátá. Ó ra abọ́ ọlọ́mọrí ní Okokomaiko: pupa fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, búlúù fún ẹni tí kò lè mí dáadáa, yẹ́lò fún ọmọ tí gìrì mú. Ó ní ká máa dijú kọ́ bí a ó ṣe mú wọn, kọ́wọ́ wa lè mọ ààyè wọn. Mo bá ki ẹ̀pà sínú abọ́ búlúù kan tó ṣófo. Ó dijú, ó fọwọ́ kàn án, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní èémí òun ti já gaara.

Mátírọ́ọ̀nù dé, wọ́n ní bí nǹkan bá sọnù, Mùjídàt náà á sọnù níbi iṣẹ́. Mùjídàt kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n dáadáa, àmọ́ ó ní òun ò ní dá ìlẹ̀kùn padà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àgádágodo tuntun dé, ó tó àgbọn.

“Ìlẹ̀kùn mi dà?”

“Bẹ́ńṣì ni mo fi ṣe, mà. Èèyàn wà lórí ẹ̀.”

Maimunat ló jókòó síbẹ̀, ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mátírọ́ọ̀nù ní kó dìde. Ó ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, ó tún ìdí jókòó.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀jẹ̀ mi ò mọ̀ pé ẹ lọ ìsìnkú. Mi ò ní dìde.”

Mátírọ́ọ̀nù wò ó, wọ́n wo ọmọ, wọ́n sọ àgádágodo sínú báàgì wọn. Ọ̀gá Kúkúrú ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń to ìbọ̀wọ́ sínú abọ́ pupa.