Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ilé Ìtajà Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tó ti ń gbẹ̀bí káàkiri àdúgbò wa, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń pè é. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gé èékánná. Kò síbi tó ń lọ tí kì í gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, kódà bó jẹ́ pé iyọ̀ ló fẹ́ lọ rà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé ọkọ̀ síbì kankan àfi kí imú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ó ní wọ́n lè pe òun nígbàkigbà, òun ò ráyè rìfáàsì.

Ohun méjì péré ló ń bà á lẹ́rù: kí ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, àti àwọn tó ń ta ọkọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kú sórí afárá, ló bá ń fẹsẹ̀ sáré lọ sílé aláboyún tòun ti àpò. Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìyá àti ọmọ yè é, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò lè gbé oúnjẹ mì lọ́jọ́ náà.

"Àwọn wọ̀nyí mórí bọ́," ló ń sọ. "Èyí tó kàn ńkọ́?"

Èyí tó kàn ni ìyàwó aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ó ti bí méjì, kò sì sí ọ̀kan láyé nínú wọn. Oyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Bó ṣe di pé a wa ọkọ̀ àtijọ́ náà, tí wọ́n ti tún ṣe, lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Èmi ló mú dání torí ẹnu mi mú. Mo ti béèrè iye tí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú kan ń lọ níbi mẹ́ta, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì kìlọ̀ fún un pé a ò ní kọjá iye yẹn.

Ibẹ̀ jìnnà sígboro, gíláàsì ló yí i ká, òtútù inú rẹ̀ sì ń wọni léegun. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì pupa ló pàdé wa. Kò tíì kí wa tán tó fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́mì, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló bí i.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n gba kọ́kọ́rọ́ yín, ká lè yẹ ọkọ̀ yín wò, ká mọ iye tá a máa yọ fún yín lórí tuntun."

Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. Èmi òmùgọ̀, mo ní kó fún un. Láti ibi tá a jókòó sí ni a ti rí i tí wọ́n wa ọkọ̀ wa lọ sẹ́yìn, tí wọ́n kọ imú rẹ̀ sí ògiri, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ méjì mìíràn dí i. Mo rí bí ojú ẹ̀gbọ́n mi ṣe yí padà.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà. Iye tí Onítáì kọ́kọ́ pè ga débi pé ẹ̀rín ló pa mí. Mo fi ìwé mi hàn án. Ó ní òun ń lọ bá máníjà sọ̀rọ̀. Ó lọ, ó pẹ́, ó padà dé, ó ti yọ díẹ̀, ó sì ti fi owó kápẹ́ẹ̀tì àti ti ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ lé e, ni iye bá tún padà sókè. Tí mo bá ti ní a ò gbà, á ní ká fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí méjì kọjá báyẹn. Nígbà tó sú mi, mo dìde.

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wa fún wa, à ń lọ."

"Ó wà lọ́wọ́ máníjà, mà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Ibẹ̀ ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi ti dún. Aránṣọ ni, gbogbo wa là ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Àǹtí, omi ti ya! Ó ń rọbí, ó ń pariwo, mi ò mọ nǹkan tí mo lè ṣe!"

"Jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mò ń bọ̀."

Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Onítáì ti ìwé àti bírò síwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mọ́mì, ẹ kàn buwọ́ lù ú, ẹ máa gbé tuntun lọ báyìí báyìí." Iye tó wà níbẹ̀ á kó gbogbo owó tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú lọ, kò sì ní tó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi tí mo ń fi yangàn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò. Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀.

Ó dúró. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Mi ò tíì wà á wò."

"Mà?"

"Ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà. Ṣebí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kéèyàn wá wà á wò kó tó sanwó?"

Onítáì gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun wá, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tá a dé oríta, ó ní ọwọ́ ọ̀tún làwọn máa ń yà padà. Òsì ni ẹ̀gbọ́n mi yà.

"Mọ́mì! Wọ́n á lé mi kúrò níṣẹ́ o!"

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì túbọ̀ tẹná. Mo di ìjókòó mú, mo ń gbàdúrà. Kò sóhun mìíràn lọ́kàn mi ju ìgbe aránṣọ yẹn lọ.

Nígbà tá a dé ilé aránṣọ, ó ṣì ráyè kọ imú ọkọ̀ sójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sápò rẹ̀, ó wọlé. Èmi di ẹsẹ̀ ìyàwó aránṣọ mú. Orí ọmọ ti yọ, okùn ìwọ́ sì ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ti ń dúdú. Onítáì kan ilẹ̀kùn láti pálọ̀.

"Mọ́mì, kọ́kọ́rọ́..."

"Ọwọ́ mi ló wà. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ẹ̀gbọ́n mi tú okùn náà, ọmọ bọ́ sílẹ̀, kò ké. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu imú rẹ̀, ó ń ra á lẹ́yìn, ó tún ń ra á. Inú yàrá pa lọ́lọ́. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan, ó ti mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ sín, ó sì figbe ta.

Nígbà tá a jáde sí pálọ̀, Onítáì dúró láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n gé sílẹ̀, òógùn bò ó.

"Mọ́mì, ká ní ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "òkú ni mi ò bá bá."

Onítáì ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wa àtijọ́ yọ, ó sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì aránṣọ. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà látàárọ̀, kì í ṣe ọwọ́ máníjà.

Èébú kún ẹnu mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ dá mi dúró. Ó dá tirẹ̀ padà fún un. Ó mú tiwa kó fi sápò, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó tún bọ́. Èmi ni mo bá a mú un nílẹ̀ níkẹyìn, èmi tí mo ní kó fún wọn.