Owó ìwádìí wa jáde, Kọ́lá ò sí nílé

Owó ìwádìí tí èmi àti Kọ́lá ti ń wá láti ọdún mẹ́ta jáde láàárọ̀ yìí, mi ò sì rí ẹni tó máa bá mi yọ̀.

Iṣẹ́ wa ni láti fi lẹ́búlẹ́bú tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń dà nù dín sìmẹ́ntì inú kọnkéré kù, torí èéfín tí ṣíṣe sìmẹ́ntì ń tú sáfẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù.

Kọ́lá ti wà ní Kánádà láti ọdún tó kọjá. Mo pè é lójú ẹsẹ̀.

"Kọ́lá, wọ́n ti fún wa."



"Kú oríire, Bùnmi. Ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Iṣẹ́ ẹrù kíkó ni mò ń ṣe níbí, mi ò ní padà sídìí kọnkéré mọ́."

Mi ò bá a jà. Mo kàn ní kó máa wọ aṣọ tó nípọn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Atosin lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn ló ń bá wa bomi sórí àwọn búlọ́ọ̀kù tí a kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìnkùlé wọn.

Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n rọra jókòó.

"Bùnmi, ṣé owó yẹn máa mú un wálé?"

"Ó ṣeé ṣe, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dúró jẹun. Mo jẹun náà, àmọ́ mi ò lè wojú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún Màmá?