Ìdajì Ìdáhùn Ni Mo Lò

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n sọ fún yín ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Kì í ṣe pé ẹnì kan ló ṣe mí níbi o. Èmi ni mo ṣe é. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ìyá mi àti ẹni tí mo ṣẹ̀ nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́ ní Ọ̀yẹ́. SS one ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, nítorí náà ẹ má wo àṣìkọ mi. Bàbá Dúpẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá mi. A kì í tún ọkọ̀ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ń lọ ata àti èlùbọ́, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ìyẹn niṣẹ́ wa. Láti Ìkọ̀lé títí dé Ìlúpéjú, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọ̀ tí kò jí, Bàbá Dúpẹ́ ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun lọ́sàn-án, òun á sì máa ti ẹran sápá ọ̀dọ̀ mi bíi pé kò mọ̀.

Báwo ni mo ṣe wá dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì? Àbúrò mi obìnrin ló ṣe ìdánwò, mo tẹ̀lé e lọ sí kaféè kan ní Ìdó ká lọ wo èsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ewé kan tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ohunkóhun tó bá rú wọn lójú. Ẹnì kan ń béèrè bí òun ṣe máa yọ epo kúrò lára aṣọ funfun. Ẹlòmíì ní kí ló dé tí ẹ̀wà òun kì í tètè jinná. Àwọn kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ àlọ́ ìṣirò ni wọ́n ń pa. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí ló ń dá ara wọn lóhùn! Lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹnu yà mí.

Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Ìgbàkígbà tí Ọ̀gá bá rán mi lọ ra páàtì ẹ́ńjìnnì ní Ìdó, mo gbọ́dọ̀ yà níbẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè nípa nọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà tí kò fẹ́ tú. Wọ́n ní kí n fi iná sí i kó gbóná, kí n wá fi àbẹ́là kàn án lára kó lè yọ́ wọnú rẹ̀. Ó tú! Mo mú àlọ́ kan tí wọ́n fi igi ìṣáná pa níbẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó rí i já. Àwọn èèyàn á ní, "Orí Ṣẹ́gun yìí pé o!" Èmi á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò sọ ibi tí mo ti ń rí i fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ni kì í fẹ́ ká yin òun?

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá. Alhaja kan wà ní Ìlúpéjú tó ní ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Torí ọdún, ó ti ní kí wọ́n kun gbogbo ibẹ̀ ní ọ̀dà, àwọ̀ ewéko, látorí òpó dórí ẹ́ńjìnnì. Ọdún parí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwà tiẹ̀ hù. Ó máa jí dáadáa, ó máa rin ẹ̀gẹ́ bíi abọ́ méjì, á wá húkọ́, á kú.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wà lórí rẹ̀! Ọ̀gá tú fítà tó ń sẹ́ dísẹ̀lì. Ó tú pọ́ǹpù. Nígbàkígbà tó bá kú, Ọ̀gá á ṣí ìdérí táǹkì wò, á bá dísẹ̀lì níbẹ̀, á dé e padà, á ní kí n fi họ́ǹdù, irin tí wọ́n fi ń jí i, yí i. Á jí! Gbogbo wa á hó yèè. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún kú. Ojú wa á wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra fítà tuntun ní Ìdó. Mo yà ní kaféè, mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó mi tí kò já gaara. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá ní kí n tún lọ ra nọ́sù, ẹnu tí dísẹ̀lì ń gbà tú sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin ti tò sọ́dọ̀ Alhaja nígbà yẹn pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó láti àná, ó ti ń dúdú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ ń tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ni, àbí ẹ ń bẹ̀ ẹ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ìyàwó mi. Uṣẹ́ ni, kì í ṣe ìjà." Ṣùgbọ́n mo rí i pé òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú.

Mo dé kaféè. Wọ́n ti dá mi lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ kàn ń fi òyìnbó mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹnì kejì ló kọ̀wé gidi. Ó ní àgbàlagbà lòun, òun ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí n wo ìdérí táǹkì yẹn dáadáa, ihò kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó ní ṣé mo mọ àgolo mílíìkì? Tí èèyàn bá lu ojú kan ṣoṣo sí i, mílíìkì ò ní í dà dáadáa. Ó dìgbà tó bá lu ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì. Tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, dísẹ̀lì ò ní í lè jáde.

Ọ̀dà! Ọ̀dà ọdún Alhaja ló dí ihò náà! Tí Ọ̀gá bá ti ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ́ńjìnnì á jí. Tó bá dé e padà, wàhálà á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe nínú kaféè.

Àmọ́ ìwé bàbá yẹn kò parí síbẹ̀. Ó ní òun rí i nínú ọ̀rọ̀ mi pé ọmọṣẹ́ ni mí. Ó ní tí mo bá dé ibẹ̀, kí n pe ọ̀gá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sọ ọ́ sí i létí, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ló máa ṣe é. Ó ní òun náà ti ṣe ọ̀gá rí, òun mọ bó ṣe máa ń rí lára tí oníbàárà bá dúró síni lórí.

Mo kà á. Mi ò ní í purọ́ fún yín, mo kà á tán, ó sì yé mi. Mo kàn dìde ni, mo jáde.

Lórí ọ̀kadà láti Ìdó padà sí Ìlúpéjú, kí lẹ rò pé mò ń rò? Bí wọ́n ṣe máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni.

Nígbà tí mo dé, Ọ̀gá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún epo. Ó nawọ́ sí mi pé kí n mú nọ́sù wá. Àyè wà láti lóṣòó kí n sọ ọ́ sí i létí o! Etí rẹ̀ nìyẹn níwájú mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dúró ṣánṣán, mo gbóhùn sókè: "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní abẹ́rẹ́ orí ìbòrí yín." Alhaja yọ abẹ́rẹ́, ó fún mi. Mo gun orí àpótí, mo fi gún ọ̀dà tó dí ihò ìdérí náà. Mo ní kí wọ́n yí i.

Ó jí. Ó rin abọ́ kan, ó rin méjì, ó rin mẹ́wàá. Kò kú mọ́.

Ẹ ò rí ariwo! Àwọn obìnrin ń jó. "Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ń tú ohun tó ń wá abẹ́rẹ́!" "Bàbá Dúpẹ́, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ yín kó kọ́ yín níṣẹ́!" Alhaja ní ọmọ ọlọ́gbọ́n ni mí, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i.

Ọ̀gá ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́, "Ṣẹ́gun, ta ló fi hàn ọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ì bá ná mi tí mo bá sọ òótọ́? Mo ní, "Mo kàn rò ó ni, sà."

"Ìgbà wo lo rò ó?"

Kó lè dà bíi pé ọpọlọ mi jí pépé, mo ní, "Láti àná, sà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Láti àná. O wá ń wò mí."

Háà! Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Irọ́ tí mo fi ń wá ìyìn ti sọ mí di ìkà. Lójú rẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n láti àná, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa yí nínú epo kí wọ́n máa fi í ṣẹ̀sín, kí n lè rí ibi tí mo máa gbé yanga. Tí mo bá sì ní mi ò mọ̀ láti àná, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti rí i, níwájú àwọn tó ń jó fún mi. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà á jẹ́ ju irọ́ lọ.

Ọ̀gá kò bínú síta o. Ó sàn kó gbá mi létí! Láti ọjọ́ náà, ó kàn ń na ìrinṣẹ́ sí mi ni, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa dá jẹun tèmi. Àwọn oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé "ọmọ tó ní làákàyè yẹn" ni kí wọ́n fún àwọn. Níṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló yẹ kí n gba frídọ̀ọ̀mù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbọ́wọ́ lé e lórí, á gbàdúrà, á fún un ní ìrinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìyá mi ti ra kéréètì mínírà pa mọ́. Ọ̀gá wá bá ìyá mi nílé lọ́jọ́ kan kí àsìkò tó tó. Kò jókòó. Ó ní, "Ọmọ yín ti mọ uṣẹ́. Ẹ máa mú un lọ ulé." Ó tán. Kò sí àdúrà, kò sí ọwọ́ lórí. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ dáko ní Ìgbólé.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Iṣẹ́ ń wá níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá rú mi lójú, mo ń gbé e lọ fáwọn ará orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí ẹ́ńjìnnì kan tó ń dún nínú fi dé láti ìlú Iye. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní báwo ló ṣe ń dún? Mo kọ "kọ̀, kọ̀, kọ̀". Wọ́n ní ṣé ó nípọn àbí ó fúyẹ́? Ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí òkè? Kí ni mo fẹ́ kọ? Ọ̀gá ló máa ń fi ẹnu súkúrúdiráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, táá wá fi etí ti ìdí rẹ̀, táá sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ó ti ń kọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Kò kọ́ mi parí.

Mo lọ sí Ìgbólé lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo bá a nínú oko, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: kaféè, bàbá ọkọ̀ ojú omi, ohun tó ní kí n ṣe, irọ́ àná tí mo pa.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Àwọn ará inú kọ̀ǹpútà yẹn, wọ́n mọ̀ mí ni?"

Mo ní rárá, sà.

"Ó wá ní kí o pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó mi orí. "Ẹni tí kò rí mi rí ló fẹ́ bò mí láṣìírí." Ó wá ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́." Ó tilẹ̀ fún mi ní iṣu mẹ́ta kí n gbé lọ fún ìyá mi.

Ibi tó yẹ kí n ti máa lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ ṣì kù nínú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì kan wà láti Iye tó ń dún..."

Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ti gbé ọkọ́. Ó ní, "Bi wọ́n."

Àwọn ará inú kọ̀ǹpútà ló ní kí n bi. Mo gbé iṣu mi, mo lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àjèjì o. Àjèjì yẹn kò ṣì mí lọ́nà, ó fún mi ní ọgbọ́n méjì, èyí tó máa gbé mi ga nìkan ni mo mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí ọ̀gá yín kò mọ̀, ẹ sọ ọ́ sí i létí. Tí wọ́n bá sì bi yín ní ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ dárúkọ ibẹ̀.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín rí? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ìbéèrè mi lónìí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ti sọ pé òun dárí ji èèyàn, tí kò sì fẹ́ kí onítọ̀hún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òun mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa lo gbogbo ìdáhùn náà.