Ìgbà Tí A Mú Kí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Máa Sáré

Tíṣà ni èmi àti ọkọ mi. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Fìdítì, òun ń kọ́ wọn ní físíìsì ní Ìlọrà, níbi tí a ń gbé. Lẹ́yìn tí àwọn ìbejì wa bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ni ọkọ mi gbé kọ̀ǹpútà kan wọlé. Tòkunbọ̀ ni, Ìbàdàn ló ti rà á. Orí itan ló gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì títí ó fi délé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbà á. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín.

Kọ̀ǹpútà náà dára, ó kàn lọ́ra ni. Ní ọdún yẹn, ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní kí n tẹ ìwé orin àti ètò ìsìn fún àyájọ́ ẹgbẹ́ obìnrin. Tí mo bá fẹ́ lọ sí ojú ewé tó kàn, mo lè lọ ro ọbẹ̀ lórí iná kí n tó padà wá bá a.

Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó ń wò ó.

“Ìyá Ìbejì, mo ka nǹkan kan nínú ìwé àwọn oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní èèyàn lè mú kó yá ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀ lọ.”

“Ṣé kò ní jóná?”

“Ó lè jóná tí èèyàn bá ṣojúkòkòrò.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ kì í ṣojúkòkòrò?”

Ó ti ń tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

Lórí pátákó aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ wínníwínní tò síbẹ̀, ìdérí kékeré kan sì dé méjì lára wọn pọ̀. Ibi tí ìdérí yẹn bá wà ló ń sọ fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa yára tó. Ọkọ mi fi ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń yọ ẹ̀gún fa ìdérí náà yọ, ó sì fi í sí ibi tó yára jù lọ.

Nígbà tí a tàn án, ojú ewé ń ṣí bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń ṣí Bíbélì. Ọkọ mi jó yí tábìlì ká, àwọn ìbejì ń tẹ̀ lé e. Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò wá.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹṣin tí wọ́n ń nà kó lè sáré, ṣé ó máa ń pẹ́?”

“Màmá,” ni ọkọ mi wí, “tí wọ́n bá ń fún un lómi, tí wọ́n ń jẹ́ kó sinmi, ó máa ń pẹ́.”

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, mo wà nínú ẹsẹ kẹta orin kan nígbà tí kọ̀ǹpútà dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, kò mira. Ọkọ mi pa á, ó ṣí i, ó fọwọ́ kan irin orí ọpọlọ rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Màmá dìde wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ ọmọ wò.

“Ara rẹ̀ gbóná. Kí lẹ fún un jẹ?”

Ó wọlé lọ mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

“Màmá, a ti pa á,” ni ọkọ mi wí.

“Ẹni tí ibà ń ṣe, tó bá ti sùn, ṣé wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn sí i mọ́ ni?”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Lẹ́yìn náà mo bi ọkọ mi ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi: tí a bá ń lò ó báyìí, ṣé yóò bá wa pẹ́?

Ó jókòó. “Ooru ló ń pa á, kì í ṣe eré yẹn nìkan. N kò fi kún iná tó ń wọ ọpọlọ rẹ̀, n kò sì ní fi kún un, torí ìyẹn ló ń tètè ba ọpọlọ kọ̀ǹpútà jẹ́. Àmọ́ mo gbé e sókè jù. Jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.”

Ó gbé ìdérí náà sí agbedeméjì ibi tó wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó yára jù lọ. Ó lọ ra irin tó nípọn, tó ní fáànù lórí, ní Ìbàdàn, láti fi rọ́pò irin orí ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí a ń gbọn eruku inú kọ̀ǹpútà náà, a bá ẹyin ọmọńlé nínú rẹ̀, Màmá sì ní kí a rọra gbé e síta. Ní Sátidé, ọkọ mi fún kọ̀ǹpútà náà ní ìṣirò tí yóò máa ṣe ní àṣetúnṣe. Tí ìdáhùn kan bá fi yàtọ̀, a ó tún dín eré rẹ̀ kù. A fi Màmá tì í, a lọ ra iṣu ní Ìmínì.

Nígbà tí a dé, Màmá ṣì wà níwájú rẹ̀.

“Kò yọ yín lẹ́nu, Màmá?” ni mo bi í.

“Rárá o. Ó kàn ń ka nǹkan rẹ̀ ni.”

Gbogbo ìdáhùn ló bára mu. Ọkọ mi gbé ìyá rẹ̀ sókè nílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń lù ú léjìká pé kó sọ òun kalẹ̀.

Ìwé orin jáde kí àyájọ́ tó dé. Bí àwọn obìnrin ti ń yìn mí lẹ́yìn ìsìn, Màmá ń sọ fún wọn pé, “Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá.”

A lo kọ̀ǹpútà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, a pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà pa rẹ́ lórí bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀wé, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Ọpọlọ rẹ̀ kò dákú mọ́. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ mi á ṣí i, á gbọn eruku rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ wa ní Fìdítì ra kọ̀ǹpútà tiwọn, mo sì délé pẹ̀lú ìbínú.

“Ó lọ́ra bí ìgbín,” ni mo sọ fún ọkọ mi. “Ẹ bá mi wá mú kó sáré lọ́la.”

“Ìyá Ìbejì, ti ìjọba ni. Tiwa nìkan ni mo lè fi dán irú ẹ̀ wò.”

“Ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Ó ń bà mí,” ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.