Ọgbà Irin Tí Oddrun Fi Dí Odò

Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó ń wọ ilé dé ilé pé kí wọ́n fi irin dí odò, òun náà ló dúró sínú omi lọ́sàn-án yìí, tó ń wo irin ọ̀hún bí ẹni tó ti ọmọ ara rẹ̀ mọ́ta.

Oddrun lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì; etí odò yìí gan-an ní Finnmark, lókè àríwá ilẹ̀ òyìnbó, ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ẹja abuké, ẹja àjèjì kan tó ní iké lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti òkun, tí wọ́n ń gba ibi tí sámọ́nì, ẹja ìbílẹ̀ odò náà, ń yé sí, tí wọ́n ń kú, tí wọ́n ń jẹrà síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ figbe ta. Bí wọ́n ṣe ri ọgbà irin láti bèbè dé bèbè nìyẹn, wọ́n fi ìgèrè ńlá sí ẹnu rẹ̀. Ẹja tó bá kó sínú ìgèrè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á: abuké á gba kùmọ̀ lórí, sámọ́nì ni wọ́n á gbé kọjá sókè bí ọmọ tuntun.

Ètò yìí mà dára o! Àfi pé sámọ́nì kọ̀, wọn ò wọ ìgèrè. Abuké ń rọ́ wọlé gìrìgìrì. Àwọn sámọ́nì tó jẹ́ onílé dúró sísàlẹ̀, omi sì ń fà. Ọ̀kan ti fi imú ha irin títí imú fi bó.

"Oddrun, ìwọ tó o gbọ́ èdè ẹja," Torleiv, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, pariwo láti bèbè níbi tó ti ń se kọfí, "bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n wọlé!"

"Panu mọ́, wá bá mi fa irin yìí."

"Irin wo? Èyí tó o ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?"

"Tí n ò bá ṣí i, wọn ò ní yé lọ́dún yìí. Tí mo bá ṣí i, abuké á wọlé. Kí ni kí n ṣe?"

"Èmi? Kọfí ni mo mọ̀."

Síbẹ̀ ó wá. Wọ́n yọ irin mẹ́ta. Oddrun bá ya ẹsẹ̀ sójú àlàfo náà, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ di ilẹ̀kùn! Sámọ́nì rí ẹsẹ̀, wọ́n sá. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló kọ́kọ́ kọjá? Abuké! Ẹ̀yìn wọn ni onímú-bíbó wá tẹ̀ lé, àwọn yòókù sì tò tẹ̀ lé e.

Oddrun gbé irin dání, kò mọ ìgbà tí yóò tì í. Ìgbà tí sámọ́nì tó kẹ́yìn kọjá ló tó tì í. Iye abuké tó bá wọn lọ, Ọlọ́run ló mọ̀.

"Ṣé a jàre ni, àbí a jẹ̀bi?" Torleiv bi í.

Oddrun wo òkè odò. Gbogbo ẹ̀yìn ẹja ti di ọ̀kan náà lójú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Torleiv. Bu kọfí."