Òkú Ọmọ́tárá Ni Wọ́n Rí Ìbọ̀wọ́ Fún

Ọmọ́tárá ti kú. Obìnrin tó ń nu ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ gbogbo wa nílé ìgbẹ̀bí, ẹ̀jẹ̀ náà ló gbé e lọ. Ó ń dà nímú, ó ń dà lérìgì, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un kò dí.

Ilé ìgbẹ̀bí ọ̀hún wà lápá Ìdèrè. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé aláboyún ló ń ra ìbọ̀wọ́ dání níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbejì, kó rà á ní ìlọ́po. Ti nọ́ọ̀sì àti dókítà ni o. Ta ló ra ti ẹni tó ń nulẹ̀ rí? Nígbà tí ọmọ mi bí ìbejì síbẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì ni Ọmọ́tárá so mọ́ ọwọ́, ó sì ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ̀jẹ̀ ìbejì yìí mà pọ̀ o! Ọṣẹ méjì lẹ ó fún mi." Ọmọ tó bá ń ké, orin ni yóò máa kọ fún un.

Létí mi ló ṣe bẹ olórí nọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ìbọ̀wọ́."

"Ìyá Tinúkẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ti ń gbẹ̀bí ni? Kò sí ní sítọ́ọ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ́tárá náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ ni wọ́n gbé aláboyún kan dé, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó kú. Ọmọ́tárá ló nu ilẹ̀. Nígbà tí ara tirẹ̀ náà gbóná, wọ́n ní ibà ẹ̀fọn lásán ni, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Bámiṣẹ́ ọkọ rẹ̀ gbé e dé Ìbàdàn. Dókítà ní ibà Lásà ni, èyí tí eku ń gbé kiri, tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì ń kó ranni. Ó ní mùdùnmúdùn inú egungun ni ara ti ń pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àìsàn yìí sì ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára kò dúró.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ará ilé ìgbẹ̀bí gbé páálí ìbọ̀wọ́ dé. Awakọ̀ pàápàá wọ méjì lé ara wọn. Wọn ò jẹ́ kí Bámiṣẹ́ fọwọ́ kan pósí. "Ẹ sún sẹ́yìn, bàbá, ó léwu!"

Ó léwu? Ìgbà wo lẹ mọ̀? Sítọ́ọ̀ tí kò ní fún alààyè, báwo ló ṣe ní fún òkú? Páálí kan péré, ṣé ó tó owó pósí?

Olórí nọ́ọ̀sì ní akọni obìnrin ni Ọmọ́tárá. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo yà síbẹ̀ lánàá. Ìbílọlá, ọmọge tí wọ́n gbà sípò rẹ̀, ń nulẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì lọ́wọ́. Mo ní ìbọ̀wọ́ ńkọ́?

"Wọ́n ní ó tán níbi ìsìnkú, mà."

Kí ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yẹn dání wá síwájú Bámiṣẹ́ àti Tinúkẹ́ ọmọ rẹ̀, kó sọ ẹni tó ní kí wọ́n má fún Ọmọ́tárá. Ṣùgbọ́n kó tó wá, kó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà fún Ìbílọlá. Aláboyún míì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.